Káàdì Màmá Wà Nínú Báàgì Mi

Ẹ pè mí ní Ameerat. Bí ẹnikẹ́ni tó mọ ilé wa ní Kofar Rini bá ka èyí, yóò mọ̀ pé èmi ni, kò sì burú. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, láìsí àbùmọ́, láìgbèjà ara mi.

Sókótó ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìlọrin làwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Hausa ni mo fi ṣeré ní kékeré. Yahya, ọkọ mi, àti Abdulrazaq, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa ta àlùbọ́sà. Inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Ìyàwó méjì ló wà nínú ilé náà nígbà yẹn: Binta, aya Abdulrazaq, àti èmi.

Ọmọ Hausa ni Binta, ilé bàbá rẹ̀ wà ní Kofar Marke. Mo fi ọdún mẹ́fà dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ, nítorí náà òun ni ìyálé mi. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tí mò ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, tí òun ń fi "o" dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ ìyàwó kékeré rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Kò fìyà jẹ mí rí o. Ó kàn ń dùn mí ni.

Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọkọ wa kú, wọ́n mú ìyá wọn, Alhaja Àpínkẹ́, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá ò gbọ́ Hausa ju èyí tí wọ́n fi ń bèèrè iye owó ọjà lọ. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún un, èmi náà ni mo sì máa ń ka ìwé yòówù tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń gba àdúgbò wa lọ sí Kasarawa. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Káàdì ni. Wàá ti sanwó sórí káàdì sílẹ̀. Bó o bá ń wọlé, wàá fi kan ẹ̀rọ. Bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, wàá tún fi kàn án. Bí ẹ̀rọ bá ké pí, tí iná aláwọ̀ ewé tàn, o ti là. Bó bá jẹ́ iná pupa ló tàn, tí èrò tó ń kánjú tò sẹ́yìn rẹ, ìtìjú ọjọ́ yẹn tó ọ jẹ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn kì í sábà ṣiṣẹ́. Awakọ̀ á ní ká kàn máa bọ́ sílẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ bọ́ọ̀sì tí mi ò sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni mo ń sùn. Ni wọ́n bá ti káàdì mi pa, tòun ti owó tó wà lórí rẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Mo ní kí wọ́n kúkú ta káàdì tuntun fún mi. Wọ́n ní káàdì kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè ní, kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún àwọn pé mo ti ní ọ̀kan. Mo bi wọ́n pé èwo wá ni mo ní. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kasarawa kò mọ sùúrù. Ọdún márùn-ún ni ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ mi fi wà nísàlẹ̀ àpótí kí ilé-ìwé jẹ́léósinmi kan tó gbà mí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta dánra wò. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kó má wulẹ̀ padà wá. Mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sì ní kí n máa wọ kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, ó lé ní ìdajì owó oṣù mi tí kẹ̀kẹ́ yóò jẹ.

Káàdì Màmá yàtọ̀ sí tiwa. Ti àwọn àgbàlagbà ni, àwọ̀ ìyeyè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ń wọkọ̀, wọn kì í tì í pa bí ẹ̀rọ ìsọ̀kalẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi yangàn. Ó ní ewú orí òun ló sanwó rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú, Binta á sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń mú un lọ sí àsálátù. Láwọn ọjọ́ yòókù, inú àpò kékeré kan tó fi há ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló máa ń wà.

Mo dọ́gbọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́jọ́ kan. Mo ní mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi káàdì ìyá wọn wọ bọ́ọ̀sì.

Màmá ò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Orúkọ ìyá wọn ni wọ́n fi ń jalè nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tán. Mi ò dán an wò mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo ṣe é. Màmá wà ní balùwẹ̀. Mo wọ yàrá rẹ̀ láti gbé abọ́ oúnjẹ àná, ọwọ́ mi sì lọ sínú àpò náà. Mo sọ fún ara mi pé lónìí nìkan ni. Mo wọ hìjáàbù rẹ̀ ńlá dúdú tó sá sórí okùn, mo fi ìbòjú bo ojú mi, ó ku ẹyinjú nìkan.

Bí mo ṣe fi káàdì kan ẹ̀rọ, ó ké lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe máa ń ké fún àwọn àgbà nìyẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, mo sì rọra fi ọwọ́ di irin mú bí ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ọkùnrin kan dìde kíá. Ó ní, "Hajiya, zauna." Ó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Mo jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wà ní ìdúró, ó di irin òkè bọ́ọ̀sì mú títí a fi dé Kasarawa. Mo wolẹ̀, mi ò wo ojú rẹ̀. Ìtìjú mú mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo tètè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa sì rẹ́rìn-ín sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ni mo ṣe lọ́jọ́ kejì? Ohun kan náà ni. Tí mo bá ti dé ní ọ̀sán, n ó dá káàdì padà sínú àpò. Lọ́jọ́bọ̀ mo máa ń fi í sílẹ̀, n ó sì wọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ò tíì tú máa ń dà bí ẹni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló bàjẹ́. Ọ̀sán ọjọ́rú, Danladi, àbúrò Binta, wá kí wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, télọ̀ ni. Yàrá Màmá ló jókòó sí nígbà tí mo dé, Binta ń túmọ̀ fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ráyè dá káàdì padà. Mo ní tó bá lọ tán n ó ṣe é. Nígbà tó lọ tán, mo ti ń dáná, mo gbàgbé pátápátá.

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kasarawa bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wà nínú kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tí Binta pè mí. Ó ní Màmá ti múra ilé ìwòsàn, wọn ò rí káàdì, ṣé mo rí i?

Mo fọwọ́ kan báàgì mi. Káàdì náà wà níbẹ̀.

Mo ní, "Rárá o, ìyálé mi. Mi ò rí i."

Mo mọ̀ pé mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ìbáwí díẹ̀ ni n bá gbà, a ó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọdún Iléyá. Mo ronú pé n ó rọra fi sábẹ́ ẹní Màmá tí mo bá délé, n ó sì ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Nígbà tí mo délé, mo bá yàrá Màmá ní títú palẹ̀. Binta ti ká ẹní, ó ti gbọn tìmùtìmù, ó ti tú àpótí aṣọ lójú Màmá gan-an, ó gbá abẹ́ ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibì kankan tó kù tí káàdì lè ti "jáde". Ilé ìwòsàn ọjọ́ náà sì ti kọjá.

Màmá jókòó, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló wọ yàrá òun. Ó ń kà wọ́n lórí ìka: Binta tó ń gbálẹ̀, èmi tí mò ń gbé oúnjẹ. Ó dárúkọ mi. Ẹnu mi sì là kí n tó mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe pé àlejò kan jókòó síbí lánàá ni?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Binta yíjú wò mí. Mo ń tún gèlè mi wé.

Màmá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Binta pé kó bá òun bi àbúrò rẹ̀ bóyá ó ṣèèṣì mú un mọ́ nǹkan tirẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí Màmá rò pé òun fi ọgbọ́n sọ yìí gún Binta lọ́kàn. Ó ní ṣé kí òun lọ bi ọmọ ìyá òun bóyá olè ni? Ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, òun yóò búra fún ara òun àti fún Danladi. Màmá ní a kì í búra nítorí káàdì bọ́ọ̀sì. Binta sunkún wọ yàrá rẹ̀. Abdulrazaq ò sí nílé, ó ti bá ọkọ̀ àlùbọ́sà lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ń mọ́, lẹ́yìn ìrun, mo rí Binta lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì kan. Ó ti gbé Muhsinah, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, sí ẹ̀gbẹ́ Màmá níbi tó ti ń sùn. Hausa ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Na yi yaji. Ki gaya wa Mama." Pé òun ti ṣe yaji, kí n sọ fún Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí ni ọ̀ràn mi wà. Yaji kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Hausa. Obìnrin tí wọ́n bá ṣẹ̀ ló ń padà sílé bàbá rẹ̀ láti fi ìbínú hàn. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa retí. Àwọn ará ilé ọkọ ni yóò wá bẹ̀ ẹ́, ìpẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní biko. Bí wọ́n bá ti wá, tí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, yóò gbé báàgì rẹ̀, wọ́n á jọ padà sílé. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Sókótó ló mọ̀ ọ́n.

Màmá ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé ọkọ láàárọ̀ kùtù, tí kò dágbére, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó jí, ó bi mí pé kí ni Binta sọ.

Mo ní, "Ó ní òun ń lọ, Màmá."

Irọ́ kọ́. Òtítọ́ náà kọ́. Màmá mi orí, ó ní ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Bí wọ́n bá lọ bẹ Binta, wọn yóò jókòó, wọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò bi olúkúlùkù ibi tó wà. Ẹ̀rù ìjókòó yẹn ló ń bà mí. Nǹkan mìíràn tún wà tí mo ń tijú láti kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún nínú ilé yàtọ̀ sí Màmá, ó sì dùn mọ́ mi.

Abdulrazaq pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní òun ti pe Binta títí, kò gbé e. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni wọ́n bí síbẹ̀. Kí ni wọ́n máa ń ṣe tó bá rí báyìí? Ṣé kí n rán àwọn àgbà lọ bá bàbá rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná, Bàbá Muhsinah. Ẹ má ṣe kánjú."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó tún bi mí bóyá mo jáwọ́ nínú káàdì náà. Mi ò jáwọ́. Tèmi ò tíì ṣí, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Mi ò lè dá a padà, mi ò sì lè sọ ọ́ nù. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń ké lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹnì kan ń dìde fún mi. Yahya ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní alẹ́, Muhsinah ń sùn sẹ́yìn mi, ó ń bèèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Mo ní lọ́la. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́jọ́ Sátidé, Danladi wá. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kọjú sí mi kí n máa túmọ̀. Ó ní bàbá àwọn ní kí òun wá kó ẹrù Binta. Ó ní wọ́n ti retí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò rí ẹnì kankan, kódà wọn ò rí ọmọdé. Ó ní ohun tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ti yé wọn. Kí Abdulrazaq fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́.

Màmá bi mí pé kí ló sọ.

Mo ní, "Ó wá kó ẹrù ni, Màmá."

Danladi wò mí. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun gùn ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Ó gbé àpótí náà, ó lọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo dé láti ilé-ìwé, Màmá jókòó lórí ẹní pẹ̀lú bébà kan lórí itan. Ó ní òun lọ sí ọ́fíìsì bọ́ọ̀sì láti gba káàdì mìíràn, bébà tí wọ́n tẹ̀ fún òun nìyí. Ó ní kí n kà á.

Mo gbà á. Ọjọ́ àti aago ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ajé, Kofar Rini sí Kasarawa, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Kasarawa sí Kofar Rini, aago méjì kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Ọjọ́rú, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo tún purọ́.

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá káàdì yín, Màmá. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára."

Màmá ò na ọwọ́ gba bébà náà. Ó ní, "Ameerat."

Kò fi orúkọ pè mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ìyàwó ló máa ń pè mí.

Ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà ní ọ́fíìsì yẹn, Sàídù ló ń jẹ́. Ó ti kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí n gbé e wálé kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ náà."

Orúnkún mi kanlẹ̀. Mo ṣí báàgì tó wà léjìká mi, mo mú káàdì náà jáde, mo fi sórí ẹní níwájú rẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń dárúkọ iṣẹ́, mo ń dárúkọ kẹ̀kẹ́, mo ń dárúkọ káàdì mi tí wọ́n tì pa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Bó o bá tọrọ káàdì yìí lọ́wọ́ mi, mi ò ní fún ọ. Ṣùgbọ́n n bá tọrọ owó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi fún ọ, wọn ò sì ní kọ̀ fún mi." Ó mú káàdì náà nílẹ̀. "Kí ni ọmọkùnrin yẹn sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo wá sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun tí yaji jẹ́, mo sọ ohun tí biko jẹ́, mo sọ pé Binta ní kí n sọ fún un. Èyí gan-an ló dun Màmá jù. Nígbà tí mo ń sọ ti káàdì, ojú rẹ̀ le. Nígbà tí mo ń sọ èyí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ń retí mi láti ọjọ́ yìí wá?"

Kò jẹ́ kí n bọ́ aṣọ ilé-ìwé. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó ní kí n dìde, Kofar Marke yá.

Inú zaure, yàrá àbáwọlé bàbá Binta, ni wọ́n gbà wá sí. Màmá, tó lé ní àádọ́rin ọdún, kúnlẹ̀ sórí ẹní wọn. Bàbá náà sáré ní kí wọ́n gbé e dìde, ó kọ̀. Ó ní kí n sọ ọ́, ní Hausa, kí gbogbo wọn gbọ́, kí n má sì gé nǹkan kan kúrò. Danladi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo sọ pé èmi ni mo mú káàdì, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ àlejò, èmi ni mi ò jíṣẹ́. Mo rò pé wọn yóò pariwo lé mi lórí, wọn ò pariwo.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà gbọ̀n, Binta jáde. Ó ti rù. Yorùbá ló sọ, kí Màmá lè gbọ́.

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ ò mọ̀. Mo ti forí jì yín." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo máa ń dìde, mo máa ń wé gèlè. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń dìde."

Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó sì wọlé.

Abdulrazaq dé lọ́jọ́ kejì. Kò bá mi jà, kò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kó àwọn àgbà lọ. Ní ìgbà kẹta, bàbá Binta ní ọwọ́ ọmọ òun ni ọ̀rọ̀ wà. Binta ní òun ò bínú sí ọkọ òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí òun bá gbé fún ọdún mẹ́fà, tó ní láti bi obìnrin mìíràn léèrè ohun tí òun fẹ́, òun ò lè padà tọ̀ ọ́. Ó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì gba káàdì àgbà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní wọ́n ṣì í lò. Kò rojọ́ mi fún wọn. Èmi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra mi, torí mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́ kí n má rí bàbá arúgbó tó fi ọ̀pá tilẹ̀ yẹn, tó dúró títí dé Kasarawa. Yahya ṣì fẹ́ mi, mo dúpẹ́. Màmá ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè, ṣùgbọ́n kò ní kí n túmọ̀ ohunkóhun fún un mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ lè ní ohun kékeré ni mo mú. Káàdì ni, kò wúwo. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì kéré tó báyẹn, ẹ yáa sọ ọ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń sá fún tí mo fi tú ilé onílé ká.

Muhsinah ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un lọ kí ìyá rẹ̀, èmi ni mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ èmi. A máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo máa ń dúró lójú pópó títí wọn yóò fi mú un wọlé, mi ò dé zaure náà mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ta ló lé màmá mi nílé wa?"

Mo lè sọ pé kò sí ẹni tó lé e. Kò tíì mọ nǹkan, yóò gbà á.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó dá wọlé lọ.